Ẹni Tó Ń Dáná Kẹ́yìn

Ojú ń tì mí láti sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, àwọn ará ìlú á máa sọ ọ́ bí ẹni pé Rosaire Dufour nìkan ló jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Mo wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo gbé ẹ̀rọ dání.

Ní ìlú wa létí odò Saint-Jean, níbi tí ilẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ti parí tí Kánádà ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá ni òtútù ń dé, kì í sì í lọ títí oṣù karùn-ún á fi wọlé. Epo wọ́n, igi gígé wọ́n, nítorí náà gbogbo ilé ló ní ọgbọ́n tó ń dá. A máa ń gé ẹ̀ka igi tútù, a ó tò ó yí ìdí ilé ká kí afẹ́fẹ́ má baà gba abẹ́ wọlé. A máa ń na ọ̀rá bo ojú fèrèsé. A máa ń ká aṣọ àtijọ́ gbọọrọ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Kò sí ìtìjú nínú gbogbo ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó ń tini lójú ni kí èèyàn yára dáná.

N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tí Máàsì bá parí lọ́jọ́ Àìkú, a ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ láti jẹun àárọ̀, àwọn ọkùnrin á sì máa bi ara wọn pé, "O ti dáná?" Ẹni tó bá ti dáná kí oṣù kẹwàá tó dé ìdajì, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá dúró títí di Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó lè purọ́, nítorí ọ̀pá èéfín ò ṣeé fi aṣọ bò, tí èéfín bá sì yọ lórí ilé rẹ ní aago méje àárọ̀, gbogbo òpópónà ti gbọ́ kó tó di aago mẹ́jọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Rosaire fi dáná kẹ́yìn. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún gbọ̀ngàn. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ sí, níbi tí wọn kì í jẹ́ kó gbóná kí ọ̀dùnkún má baà hù. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ láti máa bá òtútù gbé bí ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, inú igbó ló ń lọ lójoojúmọ́ láti gégi tí kò ní í fi dáná. Tí kò bá sí nínú igbó, ó wà lórí àkàbà, ó ń dí ihò kan tí kò sẹ́lòmíì tó rí i.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Oliva. Obìnrin kékeré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Òun ló máa ń fọ abọ́ gbogbo ìjọ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, òun náà ló sì máa ń jáde kẹ́yìn. A máa ń sọ pé kò sí obìnrin tó ní ìfẹ́ iṣẹ́ ìjọ tó o. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi gbígbóná fún wákàtí kan gbáko, a ò sì ronú kàn án.

Ẹ gbọ́ bí Rosaire ṣe máa ń fi Fernand Lagacé, ẹni tí ilé wọn kọjú síra, ṣe yẹ̀yẹ́.

"Fernand, mo rí èéfín lórí ilé rẹ lánàá. Ṣé ilé ń jó ni, àbí ẹ bí ìkókó tuntun?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n dáná."

"Háà! Ṣé ìyàwó rẹ ti wá di baálé ni?"

"Rosaire, orúnkún ń dùn ún, jàre."

"Orúnkún ń dun Oliva náà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wọ̀, kò sì kú. Àbí o ti kú, Oliva?"

"Mi ò tíì kú," Oliva á dáhùn láti ibi tó ti ń fọ abọ́, gbogbo èèyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi Edwidge kò lágbára àtigégi mọ́, epo sì ń lọ bí omi. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti dí ilé wọn kí òtútù má baà wọlé, wọ́n sì wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Rosaire gbé ife kọfí rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan. Tí àwọn kan bá ti gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, òtútù á ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò nílò kó dárúkọ. Ìyá mi gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán, ọdún méjì gbáko ni kò fi tún wọ gbọ̀ngàn yẹn mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ìyẹn wà lára ohun tó mú mi gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà. Odindi ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wọ ilé àwọn èèyàn kiri, tí mò ń wá ibi tí ooru wọn ń gbà lọ. A ní fáànù ńlá kan tí à ń dè mọ́ ẹnu ọ̀nà, á máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta, ihò gbogbo á sì máa súfèé. A tún ní ẹ̀rọ kan tó dà bíi kámẹ́rà, òun ń rí ooru. Ohun tó bá tutù á yọ ní àwọ̀ aró, ohun tó bá gbóná á pọ́n. Ẹ̀rọ náà kì í purọ́, kì í sì í bo àṣírí.

Ní ọdún yẹn tí mò ń sọ, mo lọ bá Rosaire níbi tó ti ń to ẹ̀ka igi yí ìdí ilé rẹ̀ ká.

"Bàbá Rosaire, ẹ jẹ́ kí n wá fi ẹ̀rọ wọn ilé yín."

"Kí ìlú lè máa sọ pé mo ń gba ìrànwọ́? Ọmọ Edwidge, kúrò níwájú mi."

"Ta ló ń sọ ti ìrànwọ́? Ẹ̀rí ni. Ẹ ní ilé yín ló dí jù nílùú. Ẹ̀rọ á sọ ọ́, Fernand á sì pa ẹnu ẹ̀ mọ́ títí ayé."

Mo mọ ibi tó ń yún un, ibẹ̀ ni mo họ. Ó gbé ẹ̀ka igi sílẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé," ó ní. "Màá pe Fernand fúnra mi."

Ṣé kí n sọ òótọ́? Mo fẹ́ kó tẹ́ ni. Mo ti wo ilé yẹn láti ìta, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lókè àjà rẹ̀ tó ń dá ooru dúró. Ó ti dí gbogbo ìsàlẹ̀ bí ẹni dí ìgò, ó sì fi òkè sílẹ̀ gbayawu. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ lójú Fernand. Mo ti ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́ látọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ó ṣẹ́kù díẹ̀ kí oṣù kẹwàá parí. Ìrì ti dì sórí koríko. Fernand wá, ọkùnrin méjì mìíràn sì bá a wá, torí Rosaire ti kéde rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí a kan ilẹ̀kùn, Rosaire ti ẹ̀yìnkùlé yọ pẹ̀lú àáké lọ́wọ́, òógùn sì ń yọ lórí rẹ̀. Oliva ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, mo rò pé inú rẹ̀ dùn pé àlejò dé ni. Nínú ilé, èémí wa ń yọ bí èéfín.

Mo de fáànù mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo tàn án, mo sì ka ohun tó kọ. Ilé náà dí lóòótọ́. Nínú gbogbo ilé àtijọ́ tí mo ti wọ̀n, ekukáká ni mo fi rí èyí tó dí tó o. Mo sọ ọ́, kò dùn mọ́ mi láti sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́!" Rosaire gbá Fernand lẹ́yìn. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba wí!"

"Àmọ́, Bàbá, ìsàlẹ̀ nìkan ló dí. Ilé yín ò dé fìlà. Orí rẹ̀ ni gbogbo ooru ń gbà jáde."

"Ooru wo? Ta ló dáná?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Fernand fi di ògiri mú. Ó tún ti borí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, kò rí ibi bà lé. Inú bí mi, mo gbé ẹ̀rọ tó ń rí ooru, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i káàkiri láti wá nǹkan kan, ohunkóhun.

Ògiri yọ ní àwọ̀ aró. Fèrèsé yọ ní àwọ̀ aró. Àga, tábìlì, sítóòfù onígi tí iná ò kàn láti oṣù kẹrin, aró ni gbogbo wọn. Mo wá yí ẹ̀rọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ń kó ẹ̀wù òtútù sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́. Ooru ń yọ létí rẹ̀ yíká.

"Bàbá, kí ló wà níbí?"

"Ẹ̀wù òtútù. Oliva ló máa ń yọ tèmi fún mi. Kí ni ì bá tún wà níbẹ̀?"

Mo gbójú sókè. Oliva dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin, ó ń wò mí. Ó mi orí pé rárá. Ó tún mi orí lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló kọjú sí i.

Mo rí i. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń rẹ́ wa jẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó ní iná níbì kan, ìyàwó rẹ̀ sì ń bò ó. Mo rò pé mo ti mú un. Ayọ̀ tó gba àyà mi lọ́jọ́ yẹn, títí dòní ni mo ń tijú rẹ̀.

"Fernand, ẹ sún mọ́bí!" mo pariwo. "Ẹ wá wò ó. Ó jọ pé ọba òtútù fi iná pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn!"

Mo sì fa ilẹ̀kùn náà.

Ooru fẹ́ sí wa lójú. Wọ́n ti sún àwọn ẹ̀wù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín wọn ni àga ilé ìdáná kan wà tí ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀. Hítà kékeré oníná mànàmáná kan wà nílẹ̀, wáyà rẹ̀ ṣì ń pọ́n. Aṣọ tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ wà níbẹ̀, àti ife tíì kan tí kò tíì tutù. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rọ̀ sórí ìṣó. Àyè tó wà níbẹ̀ kò tó kí èèyàn na ẹsẹ̀.

Rosaire kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ohun tó ń rí. "Ta ló gbé eléyìí síbí?"

Oliva jáde láti ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin.

"Tèmi ni," Oliva wí.

"Tìrẹ báwo?"

"Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí."

"Nígbà wo?"

"Tó o bá lọ sínú igbó. Tó o bá lọ sí gbọ̀ngàn. Nígbà míì tó o bá sùn lọ́sàn-án."

"Láti ìgbà wo, Oliva?"

"Ọdún tí Lucille ọmọ wa lọ sílé ọkọ."

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Mo rí i tí Rosaire ń ṣírò rẹ̀, ó ń fi ìka kà á.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ," ó ní. Kò gbé ohùn sókè rárá. "O ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì."

Fernand wolẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún bí ogún ọdún, àkókò rẹ̀ ló dé yìí láti san án padà, kò sì san án. Ó ṣáà fi ọwọ́ kan èjìká Oliva, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, àwọn méjì yòókù tẹ̀lé e. Rosaire tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga yẹn bí ẹni ń wò ó bóyá ó le tó, ó sì jókòó sínú yàrá náà. Orúnkún rẹ̀ yọ síta. Mo tú fáànù mi láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ìṣó kan bọ́, mi ò sì wá a.

Mi ò tíì dé ilé tí èéfín fi yọ lórí ilé Dufour. Ó dúdú, ó pọ̀, èéfín ẹni tó ń kó igi sínú iná ní ìwàǹwára. Gbogbo òpópónà jáde wá wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo rò pé wọn ò ní í wá. Wọ́n wá. Rosaire kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ohùn rẹ̀ tó máa ń kún gbọ̀ngàn, a ní láti tẹ́tí kí a tó gbọ́ ọ.

"Mo ti dáná," ó ní. "Àná ni mo dáná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pẹ́ jù. Mo fi ìyàwó mi ra orúkọ." Ó wá yíjú sí ibi tí ìyá mi jókòó sí. "Edwidge, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí, mo kó o jẹ. Jọ̀ọ́."

Ìyá mi ní, "Jókòó, Rosaire, kọfí rẹ ń tutù." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oliva ti dìde lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó Fernand gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó. Kò mọ ibi tó máa jókòó sí. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Kò sẹ́ni tó bi ẹlòmíràn bóyá ó ti dáná mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ dáná lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, mo rí èéfín wọn. Mo máa ń rò ó pé mélòó nínú àwọn ilé yẹn ló tún ní àga nínú yàrá ẹ̀wù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rán mi lọ sí ilé Dufour láti dí òkè àjà. Rosaire fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé béèrè. Bébà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni à ń lò, a ó fi páìpù fẹ́ ẹ sókè títí á fi ga tó orúnkún. Òun ló ń bá mi gbé àpò náà láti inú ọkọ̀, ní ọjọ́ orí rẹ̀, kò jẹ́ kí n gbé ju ẹyọ kan lọ. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé tí èyí bá ti wà lókè, gbogbo ilé ló máa gbóná bákan náà? Kódà abẹ́ àtẹ̀gùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì lọ gbé àpò mìíràn.

Nígbà tó yá, ó lọ da àwọn àpò òfìfo nù. Oliva pè mí sí ilé ìdáná. Ilé ti gbóná, ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, mi ò rí apá rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ti dín plóì, àkàrà pẹlẹbẹ tí a máa ń jẹ lọ́dọ̀ wa, ó to mẹ́ta sínú àwo mi, ó fi bọ́tà sí i, ó sì jókòó ní iwájú mi. Mo ti múra ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ́ ọ lórí àkàbà, bí mo ṣe kọ́ tọjọ́sí. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀, pé mo rò pé Rosaire ló ń rẹ́ wa jẹ, pé ọkọ rẹ̀ gan-an ló yẹ kó tijú, kì í ṣe òun.

"Ghislaine," ó ní, "nígbà tí mo mi orí sí ọ, ṣé o rí mi?"

Plóì wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé rárá. Ẹ̀rọ wà lójú mi lọ́jọ́ náà, ariwo fáànù pọ̀, kò sẹ́ni tó máa jà mí níyàn.

"Mo rí yín, Mà."

Ó gba ìdáhùn náà bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé. Ó bu kọfí sí i fún mi, ó rọra bù ú kó má baà dà sílẹ̀.

"Rosaire kò rí mi rárá," ó ní. "Fún ọdún mọ́kànlá, kò rí mi. Ìwọ rí mi, o sì fa ilẹ̀kùn náà."